Ọmọ ogun ara àti jẹjẹrẹ ẹran ara rírọ̀: ta ló wà nínú kókó náà?

Ìbéèrè

Kókó kan yọ sí itan àbúrò mi ọkùnrin. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì fi hàn pé sàkómà ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní undifferentiated pleomorphic sarcoma. Ó ti tó sẹ̀ǹtímítà 9, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé kò tíì dé ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní kí ó kọ́kọ́ gba ìtànṣán, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé oògùn tí ń jí ọmọ ogun ara dìde ni kí a bèèrè. Ẹlòmíràn ní oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ fún sàkómà rárá, pé ìnáwó lásán ni. Ìyá wa ní tirẹ̀ ti ń ra oríṣiríṣi oògùn oníhóró tí wọ́n kọ ọ́ sí ara páálí wọn pé wọ́n ń fún ọmọ ogun ara lágbára. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Èsì àkọ́kọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ mi ni wíwo ẹran ara tí wọ́n gé lára aláìsàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Èmi kọ́ ni mo ń kọ oògùn fún ènìyàn, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti dókítà tí ó ń tọ́jú àbúrò yín.

Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì tí ó bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣìnà: wọ́n ń pe sàkómà bí ẹni pé àrùn kan ṣoṣo ni. Nínú àgbàlagbà 100 tí ó ní jẹjẹrẹ, bíi ẹnì kan péré ni tirẹ̀ jẹ́ sàkómà ẹran ara rírọ̀, ìyẹn jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rá, iṣan, òpó ẹ̀jẹ̀ tàbí àwọn ohun tí ó so ara pọ̀. Síbẹ̀, irú rẹ̀ lé ní 50, ìwà wọn kò sì jọra. Ẹni tí ó bá bèèrè pé ṣé oògùn kan ń ṣiṣẹ́ fún sàkómà dà bí ẹni tí ó bèèrè pé ṣé kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wo?

Ẹ wo ìwádìí SARC028, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Wọ́n fún ènìyàn 40 tí ó ní sàkómà ẹran ara rírọ̀ ní pembrolizumab, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ń jí ọmọ ogun ara dìde, kókó àwọn 7 nínú wọn sì súnkì dáadáa. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé oògùn náà kò ṣe nǹkan gidi. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ mẹ́rin ni àwọn 40 yẹn, ènìyàn 10 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Láàrin àwọn tí ó ní irú ti àbúrò yín, ènìyàn 4 ló rí ìyípadà. Láàrin àwọn onídedifferentiated liposarcoma, tí ó jẹ mọ́ ọ̀rá, ènìyàn 2. Láàrin àwọn onísynovial sarcoma, ẹnì kan. Láàrin àwọn onílèiomyosarcoma, tí ó jẹ mọ́ iṣan inú ilé ọmọ àti òpó ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹyọ kan.

Kí ọ̀rẹ́ yín má tíì jó o. Nígbà tí wọ́n fi ènìyàn kún ọ̀wọ́ ti irú àbúrò yín títí iye wọn fi di 40, àwọn tí ó rí ìyípadà wálẹ̀ sí bíi ìdá 23 nínú 100. Ó ju asán lọ, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ènìyàn yóò torí rẹ̀ sá fún iṣẹ́ abẹ.

* * *

Èsì kejì: lórí oògùn oníhóró tí ìyá ń rà

Ọ̀pọ̀ ló ti dá sí i lókè pé ọmọ ogun ara aláìsàn ló rẹ̀, pé bí a bá fún wọn lágbára, wọn yóò dojú ìjà kọ jẹjẹrẹ. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn létí, àmọ́ n kò gbà á. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Jẹjẹrẹ kò ti òde wá bí àìsàn tí kòkòrò ń fà; sẹ́ẹ̀lì ara ẹni ló yíwọ́, aṣọ ọmọ onílé ló sì wọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní sàkómà ni ọmọ ogun ara wọn ń bá òtútù àti ọgbẹ́ jà bó ṣe yẹ. Inú kókó náà nìkan ni iṣẹ́ wọn ti dá.

Ó sì ní bí ó ṣe ń dá a. Sẹ́ẹ̀lì T, tí ó jẹ́ jagunjagun nínú wọn, ní bíréèkì kan lára tí a ń pè ní PD-1, tí ara fi ń dá a dúró kí ó má bàa ṣá onílé àti àlejò papọ̀. Jẹjẹrẹ mọ bíréèkì yìí, ó sì ń fi ohun kan tí a ń pè ní PD-L1 tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ oògùn bíi pembrolizumab àti nivolumab ni kí ó bo bíréèkì náà kí ọwọ́ jẹjẹrẹ má tó o mọ́. Àwọn tí ó ṣí wa lójú sí irú bíréèkì báyìí, James Allison àti Tasuku Honjo, gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní ọdún 2018.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kò bá sí nínú ọgbà, kí ni a fẹ́ tú bíréèkì rẹ̀ sí? Ìṣòro ọ̀pọ̀ sàkómà nìyí. Bí mo bá wo synovial sarcoma, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni n ó rí ní ìtò gbọọrọ, ó dọ́gba, ó mọ́ tónítóní, sẹ́ẹ̀lì T kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Àrùn náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí jíìnì méjì tí kò yẹ kí wọ́n pàdé, SS18 àti SSX, já, tí wọ́n sì so mọ́ra wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àṣìṣe inú àbùdá rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà kò sí ohun púpọ̀ tí ọmọ ogun lè fi dá a mọ̀. Irú ti àbúrò yín ní tirẹ̀, àbùdá rẹ̀ ti fọ́ yángá, ó ti pọ̀ lódì, ó ti dín lódì, ọmọ ogun sì máa ń tètè fura sí i.

Àwọn tí ó tún máa ń pọ̀ nínú sàkómà ni macrophage, àwọn agbálẹ̀ ara tí ń gbé kòkòrò àti òkú sẹ́ẹ̀lì mì. Ìyẹn ni pé a lè rí ọmọ ogun nínú kókó kó jẹ́ pé ti ọ̀tá ni wọ́n ń ṣe. Jẹjẹrẹ máa ń tàn wọ́n débi tí wọn yóò fi máa la òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun fún un, tí wọn yóò sì máa dá sẹ́ẹ̀lì T lẹ́kun. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù wà nínú kókó kan tí kì í tilẹ̀ ṣe jẹjẹrẹ apani, tenosynovial giant cell tumour, tí ó máa ń yọ sí oríkèé. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ni olórí aburú. Àwọn wọ̀nyí ń tú ohun kan tí a ń pè ní CSF1 jáde, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń pe macrophage wá, títí ó fi jẹ́ pé àwọn tí wọ́n pè wá ló di púpọ̀ jù nínú kókó náà. Oògùn tí ó dí ìpè yẹn, pexidartinib, gba ìyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019. Ẹ wá sọ fún mi, bí ẹ bá rú irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ sókè, ta ni ẹ ń ràn lọ́wọ́?

Kí ìyá rọra dáwọ́ dúró, kí ẹ sì kó gbogbo páálí tí ó ti rà lọ fi han dókítà, nítorí pé òmíràn nínú wọn lè bá oògùn gidi jà nínú ara.

* * *

Èsì kẹta: sí ẹni tí ó ní àwọn oníṣòwò oògùn ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ fífi ọmọ ogun ara bá jẹjẹrẹ jà láìpẹ́

Rárá o. Sàkómà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ kan wà ní New York tí ń jẹ́ William Coley, ọ̀dọ́bìnrin kan sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú sàkómà ọwọ́. Ìbànújẹ́ yìí ló mú kí ó tú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́, ibẹ̀ ló sì ti ka ìtàn ọkùnrin kan tí kókó ọrùn rẹ̀ pòórá lẹ́yìn tí àìsàn awọ kan tí bakitéríà ń fà kọlù ú. Ó wá ọkùnrin náà kiri títí ó fi rí i, láàyè. Ní ọdún 1891, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún bakitéríà náà sí ara àwọn oníjẹjẹrẹ. Ó gbé àwọn kan dìde, bakitéríà náà sì pa àwọn kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń lo bakitéríà tí ó ti kú. Ìtànṣán dé, ó bo ọ̀nà tirẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

* * *

Èsì kẹrin: sí ẹni tí ó ní bí àyẹ̀wò PD-L1 bá jáde pé kò sí, ọ̀rọ̀ ti parí

Ibí yìí ni a ó ti jà díẹ̀. Nínú sàkómà, àyẹ̀wò PD-L1 kì í ṣe atọ́nà tí ó dájú. Mo ti rí i tí ó pọ̀ nínú kókó tí oògùn kò ràn, àwọn mìíràn sì ti rí ìyípadà nínú kókó tí kò ní in. Ohun tí mo máa ń wò ju ìyẹn lọ ni bí àwọn ọmọ ogun ṣe kóra jọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. A ó gé ẹran ara náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, a ó sì fi àwọ̀ méjì rẹ ẹ́: àárín sẹ́ẹ̀lì yóò dúdú bí aró, ìyókù yóò pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ní àárín kókó irú ti àbúrò yín, sẹ́ẹ̀lì ńlá burúkú ni ẹ ó rí, òmíràn gùn, òmíràn fẹ̀, òmíràn ní àárín méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ wá sún awò náà lọ sí etí kókó, níbi tí ó ti pàdé ọ̀rá. Bí oríire bá wà, ẹ ó rí àmì roboto kan tí ó dúdú bí aró, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ ṣù jọ sínú rẹ̀ bí èèrà tí ó bo ibi tí ṣúgà ti dà sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì B ló wà láàrin, sẹ́ẹ̀lì T yí wọn ká, òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Irú ibùdó tí ọmọ ogun ní ní abíyá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ni wọ́n tún kọ́ sí ẹnu ọ̀nà jẹjẹrẹ yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àwòrán ọ̀tá han ara wọn.

Ní ọdún 2020, ìwádìí kan tí ó yẹ sàkómà 608 wò pín wọn sí ọ̀wọ́ márùn-ún, A dé E, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun inú wọn ṣe rí. Ọ̀wọ́ E, tí ó ní sẹ́ẹ̀lì B àti ibùdó wọ̀nyí, ni àwọn aláìsàn inú rẹ̀ pẹ́ láyé jù, oògùn tí ń tú bíréèkì sì ṣiṣẹ́ fún bíi ìdajì àwọn tí wọ́n lò ó fún nínú wọn. Àwọn ará Faransé tún fi ìyẹn dán an wò nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní PEMBROSARC. Nígbà tí wọ́n mú aláìsàn láìṣà, pembrolizumab pẹ̀lú kẹmó oníwọ̀n kékeré ṣiṣẹ́ fún ìdá tí kò tó 3 nínú 100. Nígbà tí wọ́n ṣa ènìyàn 30 tí kókó wọn ní ibùdó yìí, ó gòkè sí ìdá 30 nínú 100. Oògùn kò yí padà. Ẹni tí wọ́n fún ló yí padà.

Ìjà tó wà láàrin àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà ni pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ẹran fún àyẹ̀wò kéré, etí kókó ni ibùdó yìí sì sábà máa ń wà. Mo rántí kókó kan tí mo wo ẹran inú abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí n kò rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ wá, mẹ́ta ló jókòó sí etí rẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ kò dé. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí i nínú ẹran abẹ́rẹ́, ẹ gbà á. Bí wọn kò bá rí i, ẹ má tíì gba iyẹn ní òpin ọ̀rọ̀.

* * *

Èsì karùn-ún: ẹni kan mú mi

Òǹkàwé kan ní mo sọ pé ọmọ ogun tó rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, ó sì bèèrè pé kí ni mo fẹ́ sọ nípa sàkómà Kaposi. Ó mú mi, mo sì gbà. Kòkòrò àrùn kan tí a ń pè ní HHV-8 ló ń fa ti Kaposi, ó sì máa ń gbèrú nígbà tí ọmọ ogun bá dínkù, bíi lára ẹni tí HIV ti bá jà tàbí ẹni tí ń lo oògùn kí ara rẹ̀ má bàa kọ kídìnrín tí wọ́n fi sí i. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV, tí wọ́n sì dín oògùn ẹni kejì kù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àpá náà máa ń rẹlẹ̀. Níbẹ̀, àìlágbára ọmọ ogun ni ìdí ọ̀rọ̀. Àmọ́ oògùn HIV ló gbé wọn dìde, oògùn oníhóró kọ́.

* * *

Èsì kẹfà: ìtànṣán ńkọ́?

A ti rìn jìnnà sí itan àbúrò yín, ẹ jẹ́ kí a padà. Ọ̀rẹ́ yín ní ìtànṣán ti di àtijọ́, ẹlòmíràn sì ní ó ń pa ọmọ ogun ara. Òótọ́ ni pé ó lè pa sẹ́ẹ̀lì T tí ó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú á sì tú síta fún ọmọ ogun láti rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pa méjèèjì pọ̀ nínú ìwádìí SU2C-SARC032, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Àwọn tí wọ́n gbà wọlé ní irú ti àbúrò yín tàbí irú liposarcoma méjì, kókó ńlá ni wọ́n ní, apá àti ẹsẹ̀ ló sì wà. Ìtànṣán àti iṣẹ́ abẹ ni ọ̀wọ́ kan gbà. Èkejì gba méjèèjì pẹ̀lú pembrolizumab, ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tí àrùn náà kò padà sí lára jẹ́ ìdá 52 nínú 100 ní ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ìdá 67 nínú 100 ní èkejì.

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tí wọ́n yọ ìtànṣán kúrò fún nínú ìwádìí yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí wọ́n fi oògùn rọ́pò iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n fi kún un ni. Ìṣòro rẹ̀ sì wà. Àwọn tí ó ní ìpalára tó le nítorí ìtọ́jú jẹ́ ìdá 56 nínú 100 ní ọ̀wọ́ tí ó gba pembrolizumab, ìdá 31 nínú 100 ní ọ̀wọ́ tí kò gbà á. Ọmọ ogun tí a tú bíréèkì rẹ̀ kì í mọ ibi tí ó yẹ kó dúró nígbà mìíràn: ó lè kọlu ìfun, ẹ̀dọ̀, ọkàn, tàbí ẹṣẹ́ tí ó wà ní ọ̀fun tí ń darí agbára ara. Bí aláìsàn bá ń ṣu gbuuru léraléra, tàbí tí mímí bá ń nira fún un, ọjọ́ kejì ti pẹ́ jù láti sọ fún dókítà.

Dókítà yín kò ṣìnà. Ìbéèrè tí ó kù láti bi í ni bóyá pembrolizumab lè tẹ̀ lé ohun tí ó ti là sílẹ̀, àti bóyá ara àbúrò yín lè gbà á.

* * *

Èsì keje: àwọn irú mìíràn, ní kíákíá

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní alveolar soft part sarcoma: ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí atezolizumab, oògùn mìíràn tí ń tú bíréèkì, fún un, fún àgbàlagbà àti ọmọdé láti ọdún méjì, bí àrùn náà bá ti tàn ká tàbí tí kò ṣeé gé. Irú yìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀, kẹmó kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, síbẹ̀ òun ni oògùn yìí ràn. Àwa gan-an kò lérò rẹ̀, nítorí pé àṣìṣe àbùdá rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹni tí ó bèèrè nípa synovial sarcoma: mo ní ọmọ ogun inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́ wọn níta. Wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì T lára aláìsàn, wọ́n tún un ṣe kí ó lè dá MAGE-A4, àmì kan tí ó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, mọ̀, wọ́n sì dá a padà sí i lára. Afamitresgene autoleucel ni orúkọ rẹ̀, oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ló sì gba ìyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí kẹmó ti kọjá lára wọn. Nínú ènìyàn 44, ó ṣiṣẹ́ fún ìdá 43 nínú 100. Ẹni tí àmì ara rẹ̀, èyí tí ọmọ ogun fi ń dá onílé mọ̀, kò bá bá irú HLA-A*02 tí wọ́n fẹ́ mu, tàbí tí kókó rẹ̀ kò ní MAGE-A4, kò lè rí i gbà, kí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó.

* * *

Èsì ìkẹyìn sí ẹni tí ó bèèrè ọ̀rọ̀

Ẹ ní dókítà yín yóò rí yín ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, àti pé kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe ṣáájú. Ẹran tí wọ́n yọ lára àbúrò yín wà nínú búlọ́ọ̀kù ìda kékeré kan tí kò tó páálí ìṣáná, ní ilé àyẹ̀wò tí ó ṣe é. Ilé àyẹ̀wò kan tí n kò ní dárúkọ da irú rẹ̀ nù lójú mi rí, ó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n wá a. Ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ bèèrè bóyá ó ṣì wà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára sílẹ̀. Èyí tí wọn yóò gé ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ẹ ní kí wọ́n bá yín wo etí rẹ̀.